Ahọ́n Kúùkù Nínú Bíà Ọ̀gá Gígùn

Ọjọ́ Ajé, 1 Máàṣì 1971
Ọ̀gá Gígùn, òyìnbó tó ń kọ́ afárá, ti lọ sí ìlú wọn fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń bá iṣẹ́ afárá lọ. Èmi Lazarus, kúùkù rẹ̀, iṣẹ́ kan ni ó fi lé mi lọ́wọ́ — kí n pọn bíà rẹ̀. Èyí tó le, tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tó korò. Ó ti kọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Agolo oje ọkà mẹ́rin, ṣúgà, ìwúkàrà, àti òdòdó gbígbẹ tó kó wá láti òkè òkun. Òdòdó yẹn ló ń mú un korò. Kò wọn òdòdó rí. Ó ní ahọ́n mi ni òṣùwọ̀n, kí n máa tọ́ ọ wò títí yóò fi korò bí orógbó. Bí ó bá dára, èmi ni olórí kúùkù ilé àlejò tuntun tí wọ́n kọ́ sí Òkìtìpupa níbí. Bí kò bá dára, wọn á mú Adéjọbí wá láti Oǹdó. Adéjọbí! Ẹni tí kì í se ìrẹsì kó má jóná!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Máàṣì
Mo gbé e kaná. Ẹ̀kúnwọ́ òdòdó kan. Mo tọ́ ọ wò — omi gbígbóná. Ẹ̀kúnwọ́ méjì — omi gbígbóná. Mẹ́rin. Mẹ́fà. Nígbà tó yá, mo da gbogbo àpò náà sí i, èyí tí Ọ̀gá ní kí n fi pọn ọtí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó jọ pé ó korò díẹ̀. Àbí ó kàn ń wù mí kó korò ni? Òdòdó yẹn ti kú sínú ọkọ̀ ojú omi ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Máàṣì
Ó ń hó, ó ń yọ fóòmù. Mo fi àpò tútù wé garawa.
Oníṣíbí kò jẹ́ sún mọ́ ọn. (Ìyádùnní ìyàwó mi nìyẹn o. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀.) Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, ọtí ò gbọdọ̀ kan ètè wọn. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀! Láti ìgbà tí ibà ti dá mi dùbúlẹ̀ ní Jánúárì, kò sí ìkòkò tí mo gbé kaná tí kò ní ki ṣíbí bọ̀. Á lá a, á ju nǹkan sí i tàbí kó bu omi sí i, á bá tirẹ̀ lọ. Mo ní ọ̀kánjúwà ni. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Salome," ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ń bí mi nínú. Èmi tí mo ti ń dáná fún òyìnbó láti ọdún mọ́kànlá!

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Máàṣì
Mo rọ ọ́ sígò. Mo dé e pa. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Máàṣì
Mo ṣí ìgò kan fún Ambrose, aránṣọ ará Ìlàjẹ tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa. Ó gbé e mu, ó tu ú dà sóde lójú fèrèsé. Ó ní ta ni òun ṣẹ̀ tí mo fi ń fi agbo ibà ṣe òun lálejò. Mo mu tèmi — ife kan gbáko. Ó ń ta létè díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Korò kẹ̀? Níbo? Mo ní ahọ́n ọmọ apẹja ni tirẹ̀, iyọ̀ ti jẹ ẹ́ tán. Ó bínú lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 28 Máàṣì
Àríyọ̀ tó ń gbé epo wá fún wa láti Akotogbo tọ́ ọ wò. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n dákun, kí n má fi fún ẹni tí mo fẹ́ràn.
Ta ló ń rán wọn? Ṣé Adéjọbí ni? Àbí èmi ni orí mi ń dàrú? Nǹkan yìí ò yé mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 Máàṣì
Mo jẹ orógbó. Bí ẹni ń rún igi. Mo jẹ ìkejì. Mo bọ́ sí ọgbà, mo já ewúro tútù — ewúro tí Ọ̀gá fi ẹnu kàn lọ́dún tó kọ́kọ́ dé, tó ń sáré yí ilé ká tó ń ké. Mo jẹ ẹ́ bí ewúrẹ́. Kò sí nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí gidigidi.

Ọjọ́rú, 31 Máàṣì
Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀, 1 Épírì
Mo fi ṣíbí Oníṣíbí pamọ́. Mo ti ìlẹ̀kùn, mo dá ọbẹ̀ ẹja sè. Salome, ọmọ wa, fi ẹnu kàn án, ó ní, "Bàbá, ṣé omi òkun lẹ fi sè é?"
Mo wo ìyá rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.
Nígbà tí ọmọ jáde, ó ní òun ti mọ̀ láti Jánúárì. Ọbẹ̀ tí mo kọ́kọ́ sè lẹ́yìn ibà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun bu omi sí i kí ó tó ṣeé gbé síwájú Ọ̀gá. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní ẹnu wo ni òun fẹ́ fi sọ fún kúùkù pé ahọ́n rẹ̀ ti kú? Ó ní ọtí yìí nìkan ni òun ò lè bá mi tọ́ wò.
Ó lé ní oṣù méjì tí mo fi ń pè é ní ọ̀kánjúwà. Ojú tì mí. Mo lọ gbé ṣíbí rẹ̀ fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Épírì
Ọ̀gá dé. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi béèrè bíà. Ó mu. Ó di ojú. Mo ti ń di ẹrù mi lọ́kàn. Ó la ojú, ó gbá mi léjìká — ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń mu bíà, òun ò mu irú èyí rí. Ó ní báwo ni mo ṣe mọ ibi tí ó yẹ kí n bá òdòdó náà dé? Ó mu ìgò mẹ́ta, ó ń kọrin.
Ilé àlejò di tèmi. Òfin kan péré: kò gbọdọ̀ sí ìyàwó tàbí ará ilé kúùkù nínú ilé ìdáná.
Ó korò ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì dùn mọ́ ọn. Mo gba iṣẹ́, mi ò lè ṣe é. Mi ò mọ̀ bóyá kí n jó tàbí kí n sunkún.

Ọjọ́rú, 14 Épírì
Oníṣíbí ní kí n gbà á, Ọlọ́run á ṣe é. Ṣé Ọlọ́run ni yóò máa wá bá mi tọ́ ọbẹ̀ wò ni?

Ọjọ́bọ̀, 15 Épírì
Mo lọ bá Ọ̀gá. Mo ní kúùkù tí wọ́n ń wá, ìyàwó mi ni. Mo ní oúnjẹ tí Ọ̀gá jẹ láti Jánúárì, ahọ́n ìyàwó mi ló sè é. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Mo bọ́ sí ọgbà, mo já ewúro ẹ̀kúnwọ́ kan. Mo rún un níwájú rẹ̀, mo gbé e mì. Mo já òmíràn.
Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú gbogbo gígùn rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé kò dùn mí. Mo ní kò dùn mí, kò sì korò. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.
Ó ní kí n lọ pe ìyàwó mi wá.

Ọjọ́ Ajé, 19 Épírì
Oníṣíbí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lónìí, olórí kúùkù. Wọ́n kọ orúkọ èmi náà sínú ìwé òṣìṣẹ́ kí òfin má bàa lé mi jáde, wọ́n ní kí n máa ràn án lọ́wọ́. Mo gé àlùbọ́sà, mo gún ata. Nígbà tó yíjú, mo ki ṣíbí bọ ọbẹ̀ rẹ̀, mo lá a. Kò sí nǹkan kan.
Ó rí mi. Ó ní ọ̀kánjúwà ni mí.
Mo ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá Salome."