Ìdáhùn Tí Mo Fún Nọ́ọ̀sì

Wọ́ọ̀dù Obìnrin,
Òṣogbo,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
12 Oṣù Kọkànlá, 2025.

Ìyá Démiládé, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá Démiládé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Etí rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ díẹ̀? Òun ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà, torí bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, gbogbo wọ́ọ̀dù ni yóò gbọ́ àṣírí mi kí ìwọ tó gbọ́.

Orúnkún ọ̀tún ló dá mi wó. Lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo forí kanlẹ̀ níbi ìrun àsùbáà, n kò lè dìde mọ́. Ìdí ni mo fi wọ́ dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rí ẹni ké pè. Àwọn ará ilé ní làkúrègbé ni, mo sì ń fi òróró pa á títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo wọ ọkọ̀ wá sí ilé ìwòsàn yìí.

Nọ́ọ̀sì ń yẹ àwa tí a wà lórí bẹ́ǹṣì wò. Ó kúnlẹ̀ kí mi pé, “Ẹ káàárọ̀ mà, ṣé àlàáfíà ni?” Ẹnu mi kò mọ èsì mìíràn. Mo ní, “Àlàáfíà ni, a dúpẹ́.” Ló bá kọjá lọ, ó rò pé mo sin ẹnìkan wá ni. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Èmi ò tilẹ̀ dákẹ́, mo tún ń dúpẹ́! Ọ̀sán ti pọ́n kí Rísíkátù, obìnrin Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun kan tó jókòó tì mí, tó pariwo pé, “Nọ́ọ̀sì, ìyá yìí ń sunkún o!” Òun náà ló ń bá mi mú lẹ́tà yìí bọ̀.

Dókítà ní ọyún ló kún inú oríkèé, pé bí mo bá pẹ́ sí i, ẹsẹ̀ náà ìbá rọ. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi fà á jáde. Mo ké pe ìyá mi tó ti kú.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé. Bí àkókò àbẹ̀wò bá tó, mo máa ń kọjú sí ògiri, kí wọ́n lè rò pé mo sùn. Àwọn ọmọ mi ń pè láti Kánò, ṣùgbọ́n ìpè kì í jókòó ti ènìyàn. Láti ìgbà tí ìjà ilẹ̀ ti wọ àárín Ìlobù tiwa àti Ìfọ́n tiyín, n kò fojú kàn ọ́, ó sì ń dùn mí. Èmi àtìrẹ kò pín ilẹ̀ kankan. Òṣogbo kì í ṣe tiwa, kì í sì í ṣe tiyín.

Bá mi kí bàbá Démiládé àti gbogbo ilé.

Sátidé ni wọ́n fẹ́ dá mi sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní jẹ́ kí n dá lọ. Wọ́n béèrè ẹni tó sún mọ́ mi jù, orúkọ rẹ ni mo kọ. Nọ́ọ̀sì rí Ìfọ́n níbẹ̀, ó wò mí lójú, ó ní, “Ṣé wọ́n máa wá ṣá, mà?” Mo ní o ti fẹ́ máa bọ̀. Jọ̀wọ́, má sọ mí di òpùrọ́ lójú ọmọ ọlọ́mọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
Mọ́ríátù.