Sàlẹ́ńsà Tí Kò Jẹ́ Kí N Dé Ìsọmọlórúkọ

Abà Olókè,
Lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́.

Àkàngbé ọmọ mi,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bá mi kí ìyàwó mi Ọmọ́táyọ̀, sọ fún un pé mo ní ó kú ọwọ́ lómi, ó kú ewu ọmọ, ewu iná kì í pa àwòdì. Ọmọ náà ńkọ́, ṣé ó ń mu ọmú dáadáa? Olúwa tó fún wa ni yóò bá wa wò ó, yóò jẹ́ kí ó dàgbà, kí ó gbẹ̀yìn ẹ̀yin méjèèjì lọ́jọ́ alẹ́, kí ojú tèmi náà sì rí i. Àwa níbí wà, a dúpẹ́. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, àgbàdo ti ń yọjú, ewúrẹ́ tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ kó tó kú ti bí ìbejì, èyí àbúrò nínú wọn ò sì jẹ́ kí n sinmi, inú ilé ìdáná mi ló fẹ́ máa gbé.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ ìwé bí ayé àtijọ́ nígbà tí fóònù wà. Fóònù ń ṣàìsàn ni. Èéfín ló fà símú, mo sì ti tọ́jú rẹ̀ bí mo ti mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n kò tíì lajú. N ó sọ bó ṣe jẹ́, torí ọ̀rọ̀ fóònù àti ọ̀rọ̀ sàlẹ́ńsà àti ọ̀rọ̀ pé mi ò dé ìsọmọlórúkọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn, ó sì ti jókòó lé mi láyà láti ọjọ́ náà.

Ìwọ náà rántí ìgbà tí o wálé ọdún Àjíǹde tí o sùn sórí ẹní lábẹ́ pikọ́ọ̀pù bàbá rẹ, tí o yọ sàlẹ́ńsà rẹ̀, páìpù tí èéfín rẹ̀ ń gbà jáde, tí o sì fi tuntun tí o tẹ̀ fúnra rẹ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ n'Íjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó rọ́pò rẹ̀. Mo jókòó tì ọ́ lórí àpótí, mò ń bó ẹ̀gúsí. O ní ẹ́ńjìnnì ń mí bí èèyàn, pé ó ń fa atẹ́gùn sínú, ó sì ń tú èéfín síta, àti pé ọ̀nà tí ó ń gbà tú u síta kò gbọdọ̀ há, kò gbọdọ̀ fẹ̀ jù kí èéfín má baà di ọ̀lẹ sínú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣẹ́ kọ́lọkọ̀lọ. O ní bí ó bá há tí ó sì ṣẹ́ kọ́lọkọ̀lọ, èéfín tó yẹ kó ti lọ yóò padà jókòó sínú yàrá tí atẹ́gùn tuntun fẹ́ wọ̀, ẹ́ńjìnnì ò sì ní lágbára láti gun òkè, yóò máa gbóná, yóò máa mu epo bí ọ̀mùtí. O fi páìpù kéékèèké mẹ́rin hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, o ní o jẹ́ kí gígùn wọn dọ́gba kí èéfín wọn má baà máa kọlu ara wọn, kí wọ́n máa tò jáde bí ará ìjọ tí ìsìn parí, tí kò sẹ́ni tó ń ti ẹnì kejì rẹ̀. O wá bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo ní mo ti gbọ́. Òótọ́ ni, gbígbọ́ ni mo gbọ́, kò wọ̀ mí lára.

Nígbà tí ìròyìn wá dé pé Ọmọ́táyọ̀ ti bí, mo jó yí ilé ká, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù jọ. Èlùbọ́ wà ńbẹ̀, gàrí wà ńbẹ̀, ọṣẹ dúdú àti kàìnkàìn tí n ó fi wẹ ọmọ, àti òrí funfun tí mo pò fúnra mi, tí n ó fi pa á lára. Ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù ni gbogbo rẹ̀ máa wà, ẹ̀yìn náà sì ni páìpù rẹ ń tú èéfín sí. Ọkàn mi ò balẹ̀. O mọ òrí, gbogbo òórùn tó bá kọjá lára rẹ̀ ló máa ń gbà. Mo ní ṣé òrí tó ń rùn bí gáréèjì Ìdó ni n ó fi pa ọmọ ọmọ mi lára? Mo wá wo ilé ìdáná mi. Láti ìgbà tí a ti gbé ọ̀nà èéfín rẹ̀ gba orí òrùlé, ojú mi ò ta mí mọ́, iná sì ń jó geere. Mo ní ohun tó dára fún ààrò kò ní ṣàì dára fún ọkọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ bá Roqeeb, ọmọ tó ń jó irin ilẹ̀kùn ní ìsàlẹ̀ ọjà. Páìpù omi tó ṣẹ́kù nígbà tí bohólù wa bàjẹ́ ló wà nílẹ̀, òun ló sì lò. Ó so ó mọ́ tìrẹ, ó gbé e gba abẹ́ ọkọ̀, ó ṣẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́, ó ṣẹ́ ẹ padà, ó wá nà án lọ sókè lẹ́yìn orí dírẹ́bà títí ó fi ga ju òrùlé ọkọ̀ lọ. Mo tún ní kí ó fi agolo mílíìkì dé e lórí díẹ̀ nítorí òjò. Àkàngbé, ó lẹ́wà. Gbogbo abà ló wá wò ó. Roqeeb bi mí bóyá kò ní dí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, mo sì dá a lóhùn pé ọmọ mi ni ọ̀gá iṣẹ́ yìí n'Íjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, òun ló kọ́ mi pé ọkọ̀ ń mí, ṣé ẹni tí imú rẹ̀ gùn ni kò ní mí dáadáa? Ọgbọ́n àgbọ́njù ni mo gbọ́n, àbámọ̀ ló sì gbẹ̀yìn rẹ̀.

O ti sọ pé kí n wá ní ọjọ́ tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ. Ọjọ́ náà gan-an ni Roqeeb ń jó páìpù lọ́wọ́, ìyẹn ni mo fi ní a ó kúrò ní ìdájí ọjọ́ kejì. Ògúntádé ló wakọ̀, ẹni tó máa ń bá mi kó ẹ̀gẹ́. Kò tíì pẹ́ tí a kúrò nílé tó ti ń sọ pé ọkọ̀ ń fà, pé òun tẹ iná mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n kò jẹ́ ipè. Mo ní kó rọra, ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ni. Nígbà tí a kọjá Fìdítì tí a kan òkè kan, ó mí hẹlẹ, ó tú èéfín dúdú sí agolo, ó gbóná, ó dákú. Mẹkáníìkì kan jáde wá láti ẹ̀bá ọ̀nà. Kò tíì ṣí iwájú ọkọ̀ tó ti ń wo imú gígùn náà, ó sì bi mí pé ta ló ṣe báyìí. Fóònù ni mo gbé láti pè ọ́.

O gbé e. Mo gbọ́ ariwo àwọn èèyàn, mo gbọ́ tí wọ́n ń kọrin ọpẹ́, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. O ní kí n ní sùúrù, o ní kí Ògúntádé tún ọkọ̀ tan kí n jẹ́ kí o gbọ́ ohùn sàlẹ́ńsà. Mo gun ẹ̀yìn ọkọ̀, mo sì na fóònù sí ẹnu páìpù pátápátá, kí o lè gbọ́ dáadáa, kí o sì gbóòórùn rẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe. Mo gbọ́ ohùn rẹ, o ní, "Màmá, ta ló ṣẹ́ páìpù mi?" Mo fẹ́ sọ pé èmi ni, mo sì fẹ́ kí o gbé fóònù sétí ọmọ kí n pe orúkọ tí mo mú bọ̀. Páìpù náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tu iná àti èédú lu fóònù, ilẹ̀ sì ṣú lójú rẹ̀. Títí di òní, kò tíì là.

Ẹ́ńjìnnì ti gbóná kọjá, gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti jó, Fìdítì ni ọkọ̀ wà di bí mo ti ń wí yìí. Mo fẹ́ wọ ọkọ̀ mìíràn máa bọ̀, ṣùgbọ́n inú fóònù ni o kọ àdírẹ́sì ilé tuntun yín sí. Súrúlérè ni mo mọ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ yóò sì ti wà ní títì lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Súrúlérè kì í sì í ṣe abà téèyàn lè máa béèrè Àkàngbé. Mo jókòó sórí àpò gàrí lẹ́bàá títì, mo sunkún bí ọmọdé. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà ni mi ò sí lọ́jà, ìdí òkè Fìdítì ni mo wà.

Nígbà tí a padà délé, mo fún fóònù ní epo pupa, torí ẹni tí èéfín bá pa, epo ni à ń fún un mu. Ihò kékeré ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni mo rọra kán an sí. Kò bì, kò sì sọ̀rọ̀. Ọ̀kan tún ni owó tí o fi ránṣẹ́ sí mi, inú fóònù náà ló wà. Mo gbé e lọ bá ọmọbìnrin tó ń ṣe pí-ó-ẹ̀ẹ̀sì, mo bi í bóyá èéfín ti ba owó náà jẹ́. Ó ní báńkì ni owó wà, kì í ṣe inú fóònù, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń fi ọwọ́ bo imú nítorí epo, mi ò sì mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ.

Bàbá Àmúdàtù tó ń kó iṣu wá s'Ọ́yìngbò, tó mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ, ló mú ìròyìn wá fún mi. Ó ní àna mi, ìyá Ọmọ́táyọ̀, ló gbé ọmọ dání ní ipò mi, wọ́n sì pè é ní Ayọ̀miídé. Orúkọ náà dùn. Àmọ́ ó tún ní nígbà tí wọ́n gbé ọmọ sókè tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀, wọ́n wá bàbá rẹ̀ tì. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti rí ọ, o fi ọwọ́ dí etí kan, fóònù wà ní ìkejì, ò ń pe ìyá rẹ tí kò gbé e. Ó ní o ní kí òun sọ fún mi pé kò burú. Àkàngbé, ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù. Ó sàn kí o bá mi jà. Ó burú. Èmi ni mo ṣẹ́ páìpù rẹ, kì í ṣe Roqeeb, má bá a bínú.

Jọ̀ọ́, bí ó bá ṣeé ṣe, fi owó díẹ̀ rán Bàbá Àmúdàtù sí mi lọ́wọ́, kí n fi tún ọkọ̀ ṣe, kí n sì fi tọ́jú fóònù. Má fi í sínú fóònù mọ́, ara rẹ̀ ò yá. Bí o bá sì gbà kí n máa bọ̀, ẹ̀yìn Bàbá Àmúdàtù ni n ó tẹ̀ lé, láàárín iṣu. Òrí náà ṣì wà, mo ti gbóòórùn rẹ̀, kò gba èéfín rárá.

Olúwa yóò máa ṣọ́ yín, ọ̀nà rẹ ò ní há, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní dákú lójú òkè, ọmọ tí o bí yóò fetí sí ọ ju bí èmi ti ṣe lọ.

Owó tuntun kan wà tí mo dì sínú ìwé yìí. Má ná an. Owó tí ó yẹ kí n jù sínú abọ́ omi lọ́jọ́ náà ni. Bu omi tútù, jù ú sí i ní orúkọ mi, gbé ọmọ sókè, kí o sì sọ sí i létí pé ìyá bàbá rẹ̀ pè é ní Jọmílójú. Ìwọ ni kí o pè é o, má fi ran ẹnikẹ́ni, torí ìwọ náà kò sí níbẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.