Wáyà Tí Mo Yọ Nígbà Tí Òjò Ṣú

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti ibi tí mo wà yìí. Ẹ kú òtútù orí òkè Ọ̀kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ẹ bá mọ òtútù ti ibí, ẹ ó ní ooru ni tiyín. Mo kí Tóyìn àbúrò mi, mo kí gbogbo ará ilé. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mò ń ṣe ń lọ dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá ti délé, èmi àti ògiri ni à ń wo ara wa. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá tí mo háyà, pákó sì ni ilẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ìṣísẹ̀ ló ń dún, pàápàá ẹsẹ̀ òsì tí mò ń wọ́ láti ọjọ́ tí mo já bọ́ láti orí àpáta. Ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ ní òun kì í ṣàìmọ̀ bí mo bá dìde.

Ẹ rántí kọ̀ǹpútà Bàbá tí Tóyìn fi rán ẹnì kan sí mi lẹ́yìn ìsìnkú wọn tí n kò lè wá. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde nígbà náà, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí títí di òní. Inú rẹ̀ ni mo ti rí ohùn Bàbá tí wọ́n fúnra wọn gbà sílẹ̀, tí wọ́n ń ka Sáàmù, tí wọ́n sì ń gbàdúrà fún wa. Ìṣẹ́jú méjì péré ni mo gbọ́ kí ẹkún tó gbọ̀n mí, mo bá pa á. Ohùn náà ni ẹ ní kí n fi ránṣẹ́ fún ìsìn ìrántí ọdún kan. Kò sí ibòmíràn tí ohùn wọn wà.

Lọ́sàn-án Sátidé, mo ṣí kọ̀ǹpútà náà. Linux, ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ni ọ̀gbẹ́ni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkàrẹ́ fi sí i fún Bàbá, nítorí pé ẹ̀rọ náà ti gbó. Kọ̀ǹpútà náà ní òun ní nǹkan tuntun láti gbà wọlé, mo ní kó gbà á. Bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́, wáyà nìkan ló gbé e ró. Ó ṣe é dé ìdajì, ojú ọ̀run ṣú, àrá sán. Màmá, ẹ̀kọ́ yín ni! N kò tiẹ̀ rò ó rárá: mo ju aṣọ bo dígí, mo fa wáyà yọ lára ògiri. Ẹni ìsàlẹ̀ ń wo tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

Nígbà tí òjò dá, mo tàn án. Ojú rẹ̀ dúdú. Ó kọ ọ̀rọ̀ funfun díẹ̀ pé òun kò rí ohun tí òun yóò fi jí, ó sì dákẹ́. Mo pa á, mo tún un tàn, bákan náà ni. Ó ṣe mí bíi pé mo ti pa Bàbá lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi tó mọ̀ nípa Linux ní kí n má bẹ̀rù. Ó ní ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sọnù, iṣẹ́ tí mo dá dúró lágbedeméjì ni kò jẹ́ kó lè jí. Ó ní kí n fi Linux mìíràn sórí fláàṣì, kí n fi fláàṣì náà tan kọ̀ǹpútà, kí n wá gba ibẹ̀ wọ inú ti Bàbá láti parí iṣẹ́ ọ̀hún. Mo ṣe é lọ́sàn-án Sọ́ńdè. Nígbà tó yá, àwòrán Bàbá yọ lójú rẹ̀. Mo pariwo.

Mo kọ́kọ́ da ohùn náà kọ síbi méjì, mo wá jókòó gbọ́ ọ dópin. Sáàmù, àdúrà, títí dé Àmín. Lẹ́yìn Àmín, àrá sán nínú rẹ̀. Bàbá pè mí. Wọ́n ní kí Dàpọ̀ wá yọ wáyà, òjò ti ṣú. Wọn kò pariwo, bí ẹni ń pe ẹni tó wà ní yàrá kejì ni. Mo wá gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀kan ń tẹlẹ̀ dáadáa, èkejì ń wọ́. Orí pákó ni. Bí ó ti dé ìtòsí, ohùn náà gé.

Màmá, sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ ilé wa. Ọjọ́ tí wọ́n gbà á wà lára rẹ̀, mo sì ti lé lọ́dún kan níbí nígbà náà. Ìdí tí mo fi pè yín lánàá nìyẹn, tí mò ń béèrè ibi tí ẹ wà lọ́jọ́ náà. Ẹ ní ẹ̀yin àti Tóyìn lọ síbi òkú ní Ìpè, òjò dá yín dúró, ẹ sùn síbẹ̀, Bàbá nìkan ló wà nílé. N kò lè sọ ìyókù lórí fóònù.

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú ni mo ti ń bi ara mi bóyá wọ́n pè mí, tí n kò sí nílé láti jẹ́ wọn. Wọ́n pè mí lóòótọ́. Ẹnì kan sì jẹ́ wọn.

Mo ti fi ohùn náà ránṣẹ́ sí Tóyìn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó dá a dúró ní Àmín. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ku ẹ̀yin nìkan, ẹ gbọ́ ọ dópin, kí ẹ sọ ẹni tó ń bọ̀ fún mi.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àgbà àti èwe.

Èmi ni ọmọ yín, tí ẹ máa ń dá ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ kó tó kan ilẹ̀kùn,

Dàpọ̀