Ẹ̀ka Tí Mo Yọ Kúrò

Màmá mi,

Ara mi le, Ṣàngótẹ̀dó náà ò burú.

Ẹ bi mí pé kí ni mò ń ṣe gan-an nílé-iṣẹ́ akẹ́rù yìí. Mo ṣe ojú ìwé kan sórí kọ̀ǹpútà, orúkọ gbogbo ẹ̀ka wa wà níbẹ̀. Bí ọ̀gá bá yọ àmì iwájú ẹ̀ka kan, ẹ̀ka náà á kúrò nínú ìṣirò ẹrù tó ń pẹ́ kó tó dé.

Lọ́jọ́ tí mo fi han ọ̀gá àti àwọn ará ẹ̀ka yòókù, ẹ̀ka tiwa ní Ṣàngótẹ̀dó níbí ni mo yọ fi ṣàpẹẹrẹ. Ta ni màá yọ tiẹ̀ tí kò ní sọ pé mò ń ṣépè fún òun? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Bí tiwa ṣe kúrò, iye ẹrù tó ń pẹ́ dín kù. Ọ̀nà wa tó bàjẹ́ ló ń fà á, àmọ́ kọ̀ǹpútà ò mọ ọ̀nà. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́: "Àníọlá, ó ti dáa. Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n ti ẹ̀ka wa pa lọ́jọ́ Ajé. Mò ń sinmi báyìí, ó dára fún ara. Àwọn tá a jọ ṣiṣẹ́ náà ń sinmi; bí mo bá kí wọn, wọn kì í dáhùn.

Ẹ bá mi kí Bàbá, Rọ̀kíbátù àti gbogbo ará ilé. Ẹ dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, Màmá. Ẹ má yọ ẹnì kankan.

Àníọlá yín