Ìwé Kékeré Rẹ Ti Wọ Ilé Ìkàwé

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Onílé rẹ ńkọ́, ṣé ó ti tún òrùlé tó ń jò yẹn ṣe? Àlàáfíà làwa náà wà níbí, àfi orúnkún mi tó máa ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí òjò fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ibikíbi tí o bá forí lé, ọ̀nà á là fún ọ.

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ lórí fóònù, pé kí n tètè fi ìwé kékeré tí mo ń bá ọ tọ́jú ránṣẹ́, torí pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ òfurufú ń gbé ọ lọ síbi iṣẹ́ ọlọ́dún méjì yẹn, wọn ò sì ní jẹ́ kí o wọkọ̀ láìsí i. Kò yẹ kí o pariwo. Ìwé náà ò sọnù. Ilé ìkàwé ilé-ìwé àbúrò rẹ ló wà nígbà tí o pè.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Lọ́jọ́ Ajé kan, wọ́n pe orúkọ ìdílé wa níwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, pé ìwé ìtàn kan tí ìwọ yá nígbà tí o wà níbẹ̀ kò tíì padà wálé, àti pé bí kò bá dé, àbúrò rẹ ò ní jókòó ṣe ìdánwò àṣekágbá. Ọmọ náà sunkún délé. Mo tú gbogbo ilé, abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo ti rí i, níbi tí ìwọ fúnra rẹ fi í sí nígbà tí ẹ̀rọ náà ń mì. Ìwé gidi ni. Láti ọjọ́ tí o ti fi í síbẹ̀, n ò rán etí aṣọ wọ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé a kì í dá abọ́ tí a yá padà lófìfo, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ìwé tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni. Mo wá ohun tí mo lè fi tì í lẹ́yìn, ni mo bá rí ìwé kékeré rẹ. Èèpo rẹ̀ dára, àwòrán rẹ wà níbẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé o fajú ro, òfìfo ló sì pọ̀ jù nínú ewé rẹ̀, mo ní àwọn ọmọ á rí ibi kọ nǹkan sí. Kò sẹ́nì kankan ní ilé ìkàwé lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, mo bá ju méjèèjì sínú àpótí tí wọ́n ń dá ìwé padà sí lẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò rẹ á ṣe ìdánwò báyìí.

Nígbà tí o pè, mo lọ bá olùkọ́ tó ń tọ́jú ilé ìkàwé, ẹni táwọn ọmọ ń pè ní Má-fọwọ́-kàn-án. Ó ní ohun tó bá ti wọ àpótí ti di ti ilé-ìwé, àwọn sì ti lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn lẹ́yìn. Mo ní àwòrán ọmọ mi ló wà níbẹ̀. Ó ní òun rántí ojú náà dáadáa, ojú ẹni tí kì í dá ìwé padà ni. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní kí n yá a bí gbogbo ayé ṣe ń yá ìwé. Ọmọbìnrin kan ló ti yá a lọ, mo tẹ̀ lé e délé wọn kó lè dá a padà. Ó ní àwòrán ibẹ̀ dùn ún wò, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kúrú.

Orúkọ àbúrò rẹ ni mo fi yá a, torí akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni wọ́n ń yá ní ìwé. Ó wà nínú àpòòwé yìí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wa. A ò gbọdọ̀ kọ nǹkan sí i, a ò sì gbọdọ̀ tẹ òǹtẹ̀ sí i, nítorí náà sọ fún àwọn ará pápákọ̀ òfurufú pé ojú ni kí wọ́n fi wò ó. Ti iṣẹ́ ọdún méjì yẹn, bẹ ọ̀gá rẹ kó jẹ́ kí o ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì, ìwọ kì í kúkú ṣe ọ̀lẹ. Bí ìwé náà bá pẹ́, ìdánwò àbúrò rẹ ló máa bá a lọ.

Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ti tún ń mì. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí káfíńtà gé pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí owó bá ṣòro, ìwé mìíràn tó nípọn náà á ṣe é, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ èyí tí o yá.

Ibi tí ò ń lọ á gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Wàá lọ ire, wàá sì bọ̀ ire, kí ọjọ́ ìwé tó pé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.