Orúkọ Tí N Kò Kọ Sójú Pátákó

Màmá mi, ọ̀nà jìn, ṣùgbọ́n ayọ̀ mi kún. Ọkọ mi ń gbé mi gẹ̀gẹ̀ bí ẹyin. Nǹkan kan péré ló ń dùn mí.

Lánàá, mo ń kọ́ kíláàsì mi ní gírámà, lórí orúkọ tó jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo, mo sì ń kọ orúkọ àwọn ọmọ náà sójú pátákó. Ó wá kan àbúrò ọkọ mi obìnrin, tó wà nínú kíláàsì náà. Ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ, mo bá kọ “Eyínfúnjowó” tí mo fi ń kẹ́ ẹ.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín: “Eyín dà?” Eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni.

“Àǹtí, ṣé èmi ò lórúkọ ni?” Ó bú sẹ́kún. Ǹ bá ti kọ orúkọ rẹ̀ gan-an.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ fi orúkọ mi bẹ̀rẹ̀ èsì yín. “Ìyàwó” ni gbogbo ilé ń pè mí.