Ẹ Má Gbé Àpótí Kọ́ládé fún Ọ̀gá Rẹ̀

Màmá mi l'Óǹdó, ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ tí mo fi sílẹ̀ fún yín. Mo kí Bọ̀dá Fẹ́mi, mo kí gbogbo ará ilé. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn kí ọ̀gá tí Kọ́ládé ọmọ mi bá ṣiṣẹ́ ní Arakale, l'Ákùúrẹ́, lè kà á pẹ̀lú, torí kì í gbé fóònù mi.

Òtútù Leeds ti wọ eegun mi. Mo ṣì ń nu ilẹ̀ níbi tí àwọn òyìnbó ti ń yẹ ẹ̀rọ wò. Bí mo bá délé, èmi àti ògiri ni. Kọ́ládé ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, síbẹ̀ mi ò lè jẹun kí n má rò ó bóyá òun ti jẹ.

Màmá, ẹ ní ọ̀gá rẹ̀ gbé iṣu wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí ẹ fún òun ní àpótí kékeré tí Kọ́ládé gbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Ẹ ní a kì í lé ẹni tó bá ti dọ̀bálẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe ná.

Níbi iṣẹ́ ọ̀gá yẹn, wọ́n máa ń wọn ìgbì máìkírówéfù tí ilé-iṣẹ́ rédíò fi ń gbé ohùn lọ sórí òpó. Kì í ṣe èyí tí Bọ̀dá Fẹ́mi fi ń mú ọbẹ̀ gbóná o. Bí wọ́n bá ti gbé ọ̀rọ̀ lé ìgbì náà, kì í ṣe ẹyọ kan mọ́, ọ̀pọ̀ ló ń rìn pọ̀ bí ọmọ iléèwé tó ń máàṣì, a sì gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìwọ̀n àti wáyà rẹ̀ máa ń dá àwọn kan dúró díẹ̀, yóò wá dà bíi pé àwọn ni kò mọ ẹsẹ̀ gbé. Ìgbì tó ń jáde látinú àpótí yẹn, a ti mọ ẹsẹ̀ wọn tẹ́lẹ̀. Òun la máa ń kọ́kọ́ fi han ẹ̀rọ, ká lè mọ irọ́ tó ń pa, ká yọ ọ́ kúrò. Bí Bàbá ṣe máa ń gbé òkúta tó ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ lé òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra kòkó nìyẹn.

Àwọn ọ̀gá mi níbí ra tuntun, wọ́n fẹ́ da ti àtijọ́ nù. Mo tọrọ rẹ̀, mo wé e sínú aṣọ, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Kọ́ládé ti fi àpótí tún ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣe tán, ó lọ jẹun. Ọ̀gá yọ wáyà ibẹ̀ lọ ṣe nǹkan mìíràn, ó ki èyí tó gùn jù ú lọ bọ̀ ọ́. Ọmọ mi dé, ó ní irọ́ wáyà yìí yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ní wáyà ni wáyà, àbí ìyá rẹ tó ń gbálẹ̀ fún òyìnbó ló kọ́ ẹ ní ìyẹn? Ọ̀sẹ̀ kan kò pé, oníbàárà dá iṣẹ́ padà, ohùn ń já. Níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ọ̀gá pe ọmọ mi ní olódo, ó mú un kọ̀wé pé òun ló jẹ̀bi, ó lé e.

Mo ń gbálẹ̀ lóòótọ́. Nísinsìnyí ọ̀gá kò rí iṣẹ́ kankan wọ̀n tọ́ láìsí nǹkan tí agbálẹ̀ rán wá.

Kọ́ládé ní Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ. Àánú tó wà lójú ọmọ yẹn ń já mi láyà. Báyìí ni wọn yóò ṣe máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí orúkọ rẹ̀ yóò fi bàjẹ́. Èmi kò ní jẹ́ kó lọ. Ẹ dá iṣu padà. Bí ẹ bá ti se é, ẹ ra òmíràn.

Mo ti gba ṣọ́ọ̀bù fún Kọ́ládé, ní òdìkejì ọ̀gá yẹn gan-an. Òun nìkan ni kí ẹ gbé àpótí fún. Bí ọ̀gá bá ní iṣẹ́, kó gbé e kọjá títì fúnra rẹ̀, kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn oníbàárà. Kí Kọ́ládé ṣe é dáadáa, kó má rẹ́ ẹ jẹ. Ṣùgbọ́n kí ọ̀gá tó gbé e lọ, kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ẹni tó yọ wáyà sílẹ̀, kó sì kà á sókè.

Màmá, Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Ẹ ó wọ ọkọ̀ láti Oǹdó lọ fojú ara yín wò ó. Kí Ọlọ́run fún ọ̀gá náà ní ẹ̀mí gígùn pẹ̀lú. Mi ò fẹ́ kó kú kó tó jókòó síbẹ̀.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọláṣadé